Ìbọ̀sẹ̀ Ọ̀gá Ètò

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn yìí, kó kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bí bàtà bá wà níbẹ̀, kó dúpẹ́. Bí ìbọ̀sẹ̀ méjèèjì bá sì pé sínú bàtà, kó tún dúpẹ́, nítorí ọkùnrin kan wà tó jáde nílé láàárọ̀ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ méjì àti ìrètí oyè ńlá. Kí oòrùn tó wọ̀, ìbọ̀sẹ̀ ti ku ọ̀kan, oyè sì ti bá afẹ́fẹ́ lọ.

Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kò kàn wá. Èyí tó wà lára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ gùn débi pé káfíńtà ní láti fẹ ilẹ̀kùn náà kó tó gbà á tán: Alákòóso Pátápátá fún Ìsinmi, Ìgbafẹ́ àti Ìrìn Àjò Àwọn Aráàlú. Níwájú rẹ̀, "Ọlọ́lá Jùlọ" ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é. Lẹ́yìn rẹ̀, Ọ̀gá Ètò ni, nítorí kò sóhun tí í ṣe láìsí ètò. Bó bá fẹ́ sín, á kọ́kọ́ wo aago. Èmi náà á máa pè é ní Ọ̀gá Ètò, torí pé ẹ̀yìn rẹ̀ náà la wà.

Kò burú kéèyàn ní ètò. Ẹlẹ́dàá fúnra rẹ̀ fi ọjọ́ mẹ́fà ṣe ayé létòlétò, ó sì sinmi ní ọjọ́ keje. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i, kò kọ ọ́ síbì kankan pé aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni kí ẹyẹ kọ́kọ́ ké.

Láràárọ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ á tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Akọ̀wé Ọ̀gá Ètò, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ìdọ̀bálẹ̀ ti tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ bí ọrun, á ka ètò ọjọ́ náà sókè: ìgbà tí Ọlọ́lá Jùlọ á mu tíì, ìgbà tí wọ́n á ronú, ìgbà tí wọ́n á wo ojú fèrèsé. Bó bá kà á tán, wọ́n á pàtẹ́wọ́.

"Ẹ wo oòrùn òní," akọ̀wé á ní. "Ó tètè yọ. Ó jọ pé ó ti gbọ́ pé Ọlọ́lá Jùlọ ń bọ̀."

"Ẹnìkan gbọ́dọ̀ kọ́ oòrùn ní àsìkò," Ọ̀gá Ètò á dáhùn. Kò sì ní rẹ́rìn-ín, nítorí kò bá wọn ṣeré.

Ọba kan wà láyé ọjọ́un tí wọ́n yìn báyìí, wọ́n ní ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohùn ènìyàn. Ìdin ló jẹ ẹ́ kú. Èmi ò sọ nǹkan kan o. Mo kàn ní ká rántí ni.

Nígbà tó yá, Olùdarí Àgbà tó wà lókè gbogbo wọn fẹ̀yìn tì, àga rẹ̀ sì ṣófo. Ìgbìmọ̀ Alábẹ̀wò kọ̀wé sí gbogbo ọ́fíìsì. Wọ́n ní àwọn òbí ọmọ kéékèèké ti sunkún dé ọ̀dọ̀ àwọn: bí wọ́n bá kó ọmọ lọ gba ìsinmi ní ìlú ńlá, bí wọ́n bá dé, wọ́n á nílò ìsinmi mìíràn láti fi wo ti àkọ́kọ́ sàn. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ oyè Olùdarí Àgbà, kó mú ètò wá tí ìdílé lè fi kó ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà lọ sí ìlú ńlá, kó sì jẹ́ ètò tí a ti dán wò lára ọmọ.

"Ọmọ," Ọ̀gá Ètò ní, ó ń fi ìka lu tábìlì. "Mo ní mẹ́ta nílé." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun ní àga mẹ́ta ní yàrá ẹ̀yìn.

Àwọn mẹ́ta náà nìyí. Àkọ́bí jẹ́ obìnrin, ọmọ ọdún márùn-ún. Ìbéèrè ni wọ́n ń pè é nílé, torí kò tíì sí ọ̀rọ̀ tó gbọ́ tí kò bèèrè ìdí rẹ̀. Ìkejì jẹ́ ọkùnrin, ọdún mẹ́ta àbọ̀. Òun ni wọ́n ń pè ní Rárá, nítorí ìdáhùn kan ṣoṣo tó ní fún gbogbo aráyé nìyẹn. Àbíkẹ́yìn, Kékeré, jẹ́ ọmọ ọdún kan àbọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, ohùn rẹ̀ gùn.

Ìyá wọn, aránṣọ ni. Ní alẹ́ ọjọ́ tí lẹ́tà ìgbìmọ̀ dé, ó ń rán apá aṣọ oníbàárà kan ní ilé ìdáná, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀, Kékeré wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá Ètò wọlé, ó dúró ní àárín ilé bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya ní fọ́tò.

"Ìyá Ìbéèrè, ìsinmi tí à ń bọ̀ wá lọ yìí, kì í ṣe ìsinmi lásán mọ́."

Ìyàwó rẹ̀ yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. "Kí ló wá dà?"

"Àwòkọ́ṣe fún orílẹ̀-èdè."

"Àwa márùn-ún?"

"Àwa márùn-ún."

"Ṣé orílẹ̀-èdè á bá mi pọn Kékeré díẹ̀?"

Ọ̀gá Ètò ṣí báàgì iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbé ìwé kan kalẹ̀ sórí tábìlì, ìwé náà sì dún gbì. Ojú ewé mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni. Ìyàwó rẹ̀ fi ọwọ́ kan ṣí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí kà. Aago mẹ́fà: jíjí pẹ̀lú ayọ̀. Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún: ẹ̀rín. Aago mẹ́wàá: ìtọ̀ gbogbogbò. Lẹ́yìn èyí, mùsíọ̀mù méjì, afárá ńlá, ilé aago gíga, àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú: oorun, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Aago méjì: mùsíọ̀mù ẹ̀kẹta.

"Gbogbo èyí ní ọjọ́ mélòó?"

"Ní ọjọ́ kan. Ọjọ́ kejì wà ní ojú ewé kejìdínlógún."

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. Ọdún mẹ́rin rèé tí kò gba ìsinmi kankan. Gbogbo ohun tó fẹ́ ni kó jókòó síbì kan tí kì í ṣe ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ, káwọn ọmọ máa sáré, kó máa wò wọ́n. Ó fa àpò lẹ́tà kan yọ lábẹ́ agolo ṣúgà, èyí tí wọ́n fi kó bíìlì iná wá. Ó kọ ìlà márùn-ún sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì tì í sí ọkọ rẹ̀ níwájú.

*Ohun kan láàárọ̀. Oúnjẹ kí ebi tó dé. Oorun. Ibi tí wọ́n á ti sáré. Ìbọ̀sẹ̀.*

"Ìbọ̀sẹ̀ kẹ̀?"

"Ìbọ̀sẹ̀ rẹ àtijọ́, aláwọ̀ eérú yẹn, tí Kékeré máa ń fi ra ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kì í sùn láìsí i. Bàbá Ìbéèrè, ṣé o ò mọ̀?"

Kò mọ̀. Kò sí ọjọ́ kan tí oorun Kékeré bọ́ sí inú ètò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ga tó báyìí kì í sọ pé òun kò mọ̀. "Ìbọ̀sẹ̀ ẹlẹ́yọ kan," ó ní. "Ọ́fíìsì wa kì í kó ẹrù tí kò ní èkejì."

Ó ń pa ìwé rẹ̀ dé, ó sì ń rẹ́rìn-ín sínú. Obìnrin náà sọ àpò lẹ́tà sínú báàgì rẹ̀, ó padà sídìí aṣọ tó ń rán. "Èmi ti ń wọn ọmọdé láti ọjọ́ pípẹ́," ó ní jẹ́jẹ́. "Wọn kì í dúró."

Ẹ jẹ́ ká dé ibi ìdánwò wàyí, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ló ti dùn jù.

Ní ọ́fíìsì Ọ̀gá Ètò, àṣà kan wà: ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ ṣe, wọ́n á kọ́kọ́ fi òṣìṣẹ́ ṣe é wò nínú gbọ̀ngàn. Bí àlejò ńlá bá ń bọ̀, wọ́n á fi ẹnìkan ṣe àlejò. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣí afárá, wọ́n á fi okùn ṣe afárá. Nítorí náà, nígbà tí lẹ́tà ní kí wọ́n dán ètò wò lára ọmọ, Ọ̀gá Ètò kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí wọ́n pe àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́ta.

Akọ̀wé ló ṣe Ìbéèrè. Awakọ̀ ló ṣe Rárá. Oníṣirò owó ló ṣe Kékeré. Oníṣirò yìí ti pé ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, ó nírùngbọ̀n funfun, ikùn rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Wọ́n so káàdì mọ́ ọn láyà: *Ọmọ ọdún kan àbọ̀.*

Ọjọ́ náà, ilé ẹ̀kọ́ ti wọ ìsinmi, Ìbéèrè gan-gan wà lábẹ́ tábìlì pẹ̀lú pẹ́ńsùlù, ó ń ya àwòrán adìyẹ. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohunkóhun. Kí ni ọmọdé mọ̀ nípa ọmọdé?

Wọ́n rìn yí gbọ̀ngàn ká nígbà ogójì, èyí dúró fún ìlú ńlá. Oníṣirò rìn ín láìráhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. "Ṣé ẹ rí i," Ọ̀gá Ètò ní. "Kò nílò kẹ̀kẹ́ ọmọ. Ẹ yọ kẹ̀kẹ́ ọmọ kúrò."

Ó dúró níwájú awakọ̀. "Ìwọ Rárá, ṣé o fẹ́ wọ bàtà?"

Wọ́n ti sọ fún awakọ̀ pé ọmọ yìí máa ń kọ̀. Ó la ẹnu. "Rá..." ó ní. Ojú rẹ̀ pàdé ojú ọ̀gá, ó rántí ìgbéga tó ń retí. "Rántí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí, Ọlọ́lá Jùlọ, pé mo ti wọ̀ ọ́."

"Ó dára. Ìtọ̀."

"Ó ti parí, Ọlọ́lá Jùlọ."

"Ìṣẹ́jú mélòó?"

"Iye tó bá tẹ́ yín lọ́rùn."

Ọ̀gá Ètò wo aago. Ó gbé ọwọ́ sókè bí adarí akọrin. "Oorun."

Oníṣirò wó sórí ẹní. Kí ọ̀rọ̀ náà tó tán lẹ́nu ọ̀gá, oníṣirò ti ń hanrun. Akọ̀wé fi aṣọ nu ojú. "Ẹ wo oorun tó ní ìtẹríba," ó ní. "Àwọn ìyá ilé yìí ò mọ bí a ṣe ń pàṣẹ ni."

Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ kà báyìí: *A ti dán ètò yìí wò lára ọmọ mẹ́ta. Gbogbo wọn rìn, gbogbo wọn tọ̀, èyí tó kéré jù sùn kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Kò sí ẹni tó sunkún.* Oníwàásù wa máa ń sọ pé ẹni tó ń bi ìránṣẹ́ rẹ̀ léèrè bóyá òun rẹwà, dígí ló yẹ kó rà. Ṣùgbọ́n dígí kì í pàtẹ́wọ́.

Ìgbìmọ̀ kọ èsì padà. Wọ́n ní inú àwọn dùn, àwọn fẹ́ fi ojú rí i. Ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ àkọ́kọ́ ìrìn àjò náà, àwọn á dúró de Alákòóso àti ìdílé rẹ̀ nínú mùsíọ̀mù ńlá. Màmá Alábẹ̀wò, olórí ìgbìmọ̀, ló máa wá fúnra rẹ̀. Bí ètò bá rí bó ṣe wà nínú ìwé, ibẹ̀ náà ni wọ́n á ti fi oyè lé e lórí.

Ọjọ́ pé. Jíjí pẹ̀lú ayọ̀ kò wáyé. Bàtà wíwọ̀ nìkan gba ìṣẹ́jú márùnlélógójì.

"Rárá, ọmọ mi, wọ bàtà," ìyá rẹ̀ ní.

"Rárá."

"Ṣé ti pupa lo fẹ́?"

"Rárá."

"Ṣé o fẹ́ kí ọkọ̀ ojú irin fi wá sílẹ̀?"

Ọmọ náà rò ó. "Rárá." Ó sì jókòó sórí bàtà náà.

Ìyá rẹ̀ gbé e bẹ́ẹ̀, ó fi bàtà sínú báàgì, ọ̀rọ̀ parí. Nínú ọkọ̀ ojú irin, Kékeré wo igi tó ń sá lọ lójú fèrèsé, orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, ó sì sùn. Ó sùn láìsí ìbọ̀sẹ̀, oore ọ̀fẹ́ láti òkè wá, èyí tí ènìyàn kò lágbára rẹ̀. Ọ̀gá Ètò wo aago: aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú. Nínú ètò, oorun kò gbọ́dọ̀ wáyé títí aago kan kọjá ogún.

Ẹ̀yin òbí tó ń ka èyí, mo mọ̀ pé ẹ ti di orí mú. Bẹ́ẹ̀ ni. Ó jí i.

Ìyàwó rẹ̀ kò bá a jà. Ó kàn wò ó, irú wíwò tí aránṣọ máa ń wo ẹni tó gé aṣọ olówó iyebíye sí òdì.

Nígbà tí wọ́n fi máa dé hòtẹ́ẹ̀lì, akọ̀wé ti ń dúró pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àsọyé Ọ̀gá Ètò, ewé mọ́kànlá, nínú fáìlì pupa. Wọ́n fẹ́ gbé ẹrù lọ sókè. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti pàdé lífíìtì. Ìbéèrè tẹ bọ́tìnnì, iná tàn níbẹ̀, ilẹ̀kùn pa ara rẹ̀ dé, ilẹ̀ gbé wọn. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ibòmíràn ni wọ́n wà.

"Ta ló gbé wa?" Ìbéèrè ní. "Níbo ni ìsàlẹ̀ lọ?"

Kékeré tó ti ń kùn láti inú ọkọ̀ dákẹ́. Rárá di irin lífíìtì mú, ojú rẹ̀ ń tàn.

"Ṣé ká tún un ṣe?" ìyá wọn bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Rárá wí.

Ìyá rẹ̀ gbá àyà mú. Láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti ń sọ̀rọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ rèé. "Bàbá Ìbéèrè, ṣé o gbọ́? Ohun kan ti àárọ̀ nìyí. A ti rí i. Jẹ́ kí wọ́n gùn ún tó, ká jẹun, ká sùn díẹ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín fún Màmá Alábẹ̀wò rẹ lọ́sàn-án."

"Lífíìtì kò sí nínú ètò," Ọ̀gá Ètò ní. Ó sì fà wọ́n jáde bí ẹni ń fa iṣu tó ti ta gbòǹgbò.

N kò ní pẹ́ lórí mùsíọ̀mù àkọ́kọ́ àti ìkejì. Ní ti afárá ńlá, ẹyẹlé kan ṣoṣo ni àwọn ọmọ rí níbẹ̀, wọ́n sì wò ó fún ìdajì wákàtí. Ní aago mẹ́wàá tí ìtọ̀ gbogbogbò kàn, Rárá sọ ohun tí ẹ mọ̀. Ní aago kan kọjá ogún, Ọ̀gá Ètò tẹ́ aṣọ sílẹ̀ níwájú ilé aago gíga, ó pàṣẹ oorun. Aago lù lókè orí wọn. Kò sẹ́ni tó sùn. Kékeré ti rìn débi tí kò lè rìn mọ́, ìyá rẹ̀ sì ti pọ̀n ọ́n, àpò méjì wà léjìká rẹ̀. Ebi ti dé kí oúnjẹ tó dé.

Aago méjì lù. Wọ́n wọ mùsíọ̀mù ńlá.

Ìgbìmọ̀ ti jókòó, àwọn márùn-ún. Màmá Alábẹ̀wò wà láàárín, arúgbó kan tó wọ bàtà pẹlẹbẹ, tó gbé báàgì sórí itan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, lórí pèpéle kúkúrú kan, ìkòkò amọ̀ tí wọ́n wú nínú ilẹ̀ jókòó, ẹnu rẹ̀ fẹ̀. Ọ̀gá Ètò to ìdílé rẹ̀ sí ìlà. Ó gba fáìlì pupa lọ́wọ́ akọ̀wé, ó wúkọ́.

"Ẹ̀yin ọlọ́lá, ẹ̀yin ọlọ́wọ̀, ẹ̀yin tí ọlọ́wọ̀ ń bọ̀wọ̀ fún. Láti ìgbà tí ayé ti dáyé, ọmọdé ló ń da àgbà láàmú. Òkun ní ààlà, ọmọdé kò ní. Ìjì ní àsìkò, ọmọdé kò ní. Lónìí, níwájú yín, mo kéde pé..."

Ní báyìí, Rárá, tó ti di ìtọ̀ aago mẹ́wàá mọ́ra fún wákàtí mẹ́rin, wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó rí ìkòkò náà. Gíga rẹ̀ bá a mu. Lójú rẹ̀, pọ́ọ̀ tí ọmọdé ń tọ̀ sí ni. Kí n má parọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ: ó fojú sùn ún dáadáa, kò sí ẹ̀kán kan tó bọ́ sílẹ̀.

Olùṣọ́ mùsíọ̀mù rìn wá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, sà," ó ní, "ẹgbẹ̀rún ọdún ni ìkòkò yìí."

"Ẹ má bínú," ìyá Rárá ní. "Ẹ bá mi wá omi àti aṣọ."

Ọ̀gá Ètò gbé ohùn sókè, kí ohùn lè bo ìtìjú mọ́lẹ̀. Ohùn rẹ̀ ló ta Kékeré jí nínú ìkùnsínú tó wà. Ọmọ náà yọ orí lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó la ẹnu, ó sì ké. Ẹ rántí odi ìlú kan tí ariwo wó lulẹ̀ láyé àtijọ́. Bó bá ṣe pé Kékeré wà níbẹ̀ ni, wọn ì bá má ti fi ọjọ́ méje rìn yí i ká.

Ọ̀gá Ètò wo aago. Ó gbé ọwọ́ sókè bí adarí akọrin, bó ti gbé e nínú gbọ̀ngàn.

"Oorun," ó pàṣẹ.

Akọ̀wé pa ojú dé. Ara rẹ̀ ti mọ́ ọn. Kékeré kò pa tirẹ̀ dé.

Màmá Alábẹ̀wò ṣí báàgì, ó yọ gíláàsì ojú, ó yọ ìwé. "Alákòóso," ó ní, "ìwé yín sọ pé èyí tó kéré jù sùn kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Ṣé ọmọ yìí ni?"

"Lọ́nà kan, Mà. Tí a bá wò ó ní gbogbo-gbòò."

"Kékeré kọ́, Mà," Ìbéèrè ní.

Gbogbo ojú wo ìsàlẹ̀.

"Bàbá onírùngbọ̀n ló sùn. Èyí tó ń ka owó ní ọ́fíìsì Dádì. Ó sùn sórí ẹní, ó sì ń hanrun. Bọ̀dá awakọ̀ ló ṣe Rárá, ṣùgbọ́n wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe. Wọn ò sọ rárá."

"Ta ló wá ṣe ìwọ?"

Ìbéèrè na ìka sí akọ̀wé tó ṣì pa ojú dé. "Àwọn yìí ni, Mà. Wọn ò bèèrè nǹkan kan."

"Ẹ ṣí ojú yín," Màmá Alábẹ̀wò sọ fún akọ̀wé. "Kí ló dé tí ẹ ò bèèrè?"

Akọ̀wé wo Ọ̀gá Ètò, ó wo arúgbó náà, ó sì wọn àwọn méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ mọ èyí tó wúwo jù. Ó tún ara ṣe. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kànlá, ẹ̀yìn rẹ̀ nà. "Mà," ó ní, "ẹni tó bá ń bèèrè nǹkan kì í pẹ́ ní ọ́fíìsì wa."

Kékeré ṣì ń ké. Màmá Alábẹ̀wò yíjú sí aránṣọ. "Ìyá ọmọ, kí ló ń fẹ́?"

"Ìbọ̀sẹ̀ bàbá rẹ̀ ni, Mà. Òun ló fi ń sùn. Ó wà nílé. Kò sí nínú ètò."

Ìgbìmọ̀ márùn-ún wo bàtà Ọ̀gá Ètò. Bàtà náà ń dán, èèyàn lè rí àjà ilé nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró tì í níbí díẹ̀, torí ó nira. Ewé mẹ́jọ ṣì kù nínú fáìlì pupa. Ohun kan nínú rẹ̀ ń sọ pé bí òun bá ka ewé mẹ́jọ náà pẹ̀lú ohùn tó dára, bóyá oyè ṣì lè padà. Ó wo ìwé. Ó wo Kékeré. Ìyá rẹ̀ ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ọmọ náà sì ń rá bọ̀, omijé àti ikun dà pọ̀. Kò na ọwọ́ sí ojú bàbá rẹ̀ tí ìwé ìròyìn ti ń gbé jáde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló na ọwọ́ sí. Ó di etí ṣòkòtò náà mú, ó ń fà á.

Ọ̀gá Ètò jókòó sílẹ̀. Orí ilẹ̀ mùsíọ̀mù ló jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò. Ó tú okùn bàtà. Ó bọ́ bàtà. Ìbọ̀sẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ògo yìí sì ní ihò kan níwájú, níbi tí àtàǹpàkò ti ń yọjú wo ayé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyàwó rẹ̀ ti ní kó gbé e wá kí òun rán an. Ó dá a lóhùn pé kò sí àyè nínú ètò.

Ó fa ìbọ̀sẹ̀ náà yọ, ó nà án sí ọmọ. Kékeré gbá a mú, ó fi ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé orí lé orúnkún bàbá rẹ̀. Ó mí, ó tún mí, oorun sì ti gbé e lọ.

Màmá Alábẹ̀wò wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Ìṣẹ́jú kan kò pé," ó ní. "Ibi yìí nìkan ni ìwé yín ò ti parọ́."

Ó ní kí ìyá ọmọ sún mọ́ òun, ó bi í bó ṣe máa ṣètò ìrìn àjò yìí bó bá jẹ́ tirẹ̀. Obìnrin náà wá inú báàgì lábẹ́ bàtà Rárá, ó sì yọ àpò lẹ́tà tí wọ́n fi kó bíìlì iná wá. Arúgbó náà ka ìlà márààrún. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì sókè fún àwọn tó kù. Ó ká a, ó fi sínú báàgì ara rẹ̀, ó sì pa báàgì dé, ó dún kọ́. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ mọ ohun tí ìró yẹn jẹ́. Ọ̀gá Ètò náà mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò lè dìde. Ọmọ ń sùn lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, lẹ́tà dé. Wọ́n fi ẹlòmíràn ṣe Olùdarí Àgbà. Àpò lẹ́tà aránṣọ di ìwé ìléwọ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri gbogbo ibùdókọ̀ ojú irin. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò gbọ́n tó láti yọ nọ́ńbà mítà iná wọn kúrò, ó sì wà níbẹ̀ dòní. Ní ti Ọ̀gá Ètò, ìgbìmọ̀ ní ẹni tó bá fẹ́ ṣètò fún ọmọdé, kó kọ́kọ́ bá wọn gbé. Wọ́n gbé e lọ sí ọgbà ìṣeré ńlá, láti máa ṣe alámòójútó ilé ìtọ̀ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, fún odidi ọdún kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, akọ̀wé dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú ọ̀gá tuntun. "Ẹ wo oòrùn òní," ó ní. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti tún tẹ̀. Ẹ má dá a lẹ́bi jù. Iṣẹ́ ẹ̀yìn náà ni.

Ọ̀gá Ètò ránṣẹ́ pe akunlé sí ibi iṣẹ́ tuntun. Ó fẹ́ kó kọ oyè sára ilẹ̀kùn: Alákòóso Pátápátá fún ohun báyìí àti báyìí. Akunlé wọn ilẹ̀kùn. Gíga ọmọdé ni wọ́n kàn án sí, kò gba ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Ó kọ *Ìtọ̀*, ó kó ọ̀dà rẹ̀, ó lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ìyàwó rẹ̀ kó àwọn ọmọ wá sí ọgbà náà. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi, kò sí aṣọ oníbàárà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí abẹ́rẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ìbéèrè ń bi ọmọ ẹlòmíràn léèrè ìdí tó fi ní etí. Kékeré ń wọ́ ìbọ̀sẹ̀ oníhò nílẹ̀ kiri, èyí tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rán. Rárá jókòó sórí pọ́ọ̀ nínú ilé kékeré náà. Ó ti pé ìṣẹ́jú méjìlélógún.

Bàbá rẹ̀ tẹ orí ba wọ ẹnu ọ̀nà. Ọwọ́ rẹ̀ lọ síbi aago, ó sì rántí pé òun ti fún Kékeré ní aago náà láàárọ̀, ó sì ti wà nínú iyanrìn níbì kan.

"Ṣé o ti ṣe tán?"

"Rárá."

Ọ̀gá Ètò fa pọ́ọ̀ mìíràn mọ́ra, ó dojú rẹ̀ dé, ó jókòó lé e. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì síwájú ọmọ rẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ wà ní ọ̀kan, kò sí ní ìkejì. Ó sì dúró dè é.